Ẹ Fi Man U Ṣe Ìwọ̀fà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Ọmọ Glazer

Ẹ̀yin ọmọ Glazer tí ẹ ni kíláàbù Manchester United, Man U wa, pàápàá ẹ̀yin Joel àti Avram tí ẹ jọ wà ní ipò alága,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nílé wa, a kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí ènìyàn, bó ti wù kí inú máa bíni tó.

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà ṣíṣí sí wa. Oṣù Kẹrin ọdún 2021 ni, nígbà tí Super League, ìdíje àwọn kíláàbù ńlá tí ẹ̀yin àti kíláàbù mọ́kànlá mìíràn gbé jáde, fọ́ ní nǹkan bí ọjọ́ méjì. Joel ló fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Ó ní àwọn ṣe àṣìṣe, ó sì bẹ̀ wá. Inú mọ́tò ni mo ti kà á lórí fóònù, láti Ìwó Road lọ sí Challenge. Mo sọ fún ara mi pé n kò ní tètè fèsì, kí n kọ́kọ́ wo ohun tí yóò tẹ̀yìn ẹ̀bẹ̀ yọ. Mo ti wò ó tó. Èsì mi rèé.

Ìbàdàn ni mo ń gbé. N kò dé Manchester rí. Ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1999 ni mo di ọmọ Man U, nínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, níbi tí àwa bí ogún ti há ara wa mọ́ iwájú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo. Àṣekágbá Champions League ni, Bayern Munich sì ti gbá góòlù kan wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, ẹnì kan nínú wa bínú jáde lọ tọ̀ lẹ́yìn ilé. Ó gbọ́ ariwo, ó sáré wọlé, ó ń bèèrè ẹni tó gbá a. A ò tíì dárúkọ Sheringham fún un tán tí Solskjær fi ju èkejì sáwọ̀n. Iṣẹ́ ìyanu mẹ́ta la máa ń kà sí alẹ́ ọjọ́ náà lọ́rùn: góòlù kìíní, góòlù kejì, àti NEPA tí kò mú iná lọ.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀tá kọ́ ló ń kọ̀wé sí yín.

Láyé àwọn baba wa, bí ọ̀ràn owó bá ká baba kan mọ́, bóyá òkú ló fẹ́ sin, bóyá ìyàwó ló fẹ́ gbé, ó lè yáwó lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ kó sì fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ náà á máa lọ ṣiṣẹ́ lóko olówó. Gbogbo ebè tó bá kọ, èlé ni. Kò dín owó ẹyọ kan kù nínú ojú owó. Ó lè kọ ebè fún ọdún kan, ó lè kọ ọ́ títí irùngbọ̀n yóò fi hù ú, ọjọ́ tí wọ́n bá tó gbé ojú owó kalẹ̀ ní pípé ló tó bọ́. Ó burú, n kò sì mọ ẹni tó ń gbàdúrà kó padà wá. Ṣùgbọ́n nínú burúkú yẹn náà, ọmọ ẹni la fi ń yáwó. A kì í fi ọmọ aládùúgbò yá a.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2005, baba yín, Malcolm, gba Man U ní £790 mílíọ̀nù. Owó yíyá tó wà nínú rẹ̀ ju £500 mílíọ̀nù lọ, gbèsè náà sì wá bọ́ sí ọrùn kíláàbù tí wọ́n fi owó náà rà. Màmá mi ta aṣọ ní Gbági fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún wọn, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ní, "Ẹnì kan fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù mi. Kò lówó. Ó lọ yá a, ó wá ní ṣọ́ọ̀bù mi ni yóò máa san án. Ṣé kì í ṣe èmi fúnra mi ni mo ra ara mi fún un yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ìjọba òyìnbó ń kọ́, ṣé wọ́n sùn ni? N kò rí èsì fún wọn.

Kíláàbù náà kò mọ gbèsè láti ọdún 1931 títí ẹ fi dé. Èmi kò mọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ o, ìjà yín ló jẹ́ kí n lọ wádìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Kérésì ti dé tán, kò sì sí owó oṣù fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Oníṣòwò aṣọ kan, James Gibson, gbé £2,000 tirẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n sanwó fún àwọn ènìyàn. Ṣáájú rẹ̀, ní 1902, nígbà tí orúkọ kíláàbù ṣì jẹ́ Newton Heath, tí gbèsè £2,670 sì fẹ́ pa á, John Henry Davies tó ń pọn bíà ló yọ ọ́. Àwọn méjèèjì náà fẹ́ jèrè, n kò pè wọ́n ní áńgẹ́lì. Ṣùgbọ́n àpò tiwọn ni wọ́n kì ọwọ́ bọ̀. Títí dòní, pátákó ìrántí Gibson wà lára afárá reluwé lẹ́bàá Old Trafford. Ẹ̀yin náà ti kọjá níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíláàsì mọ́tò yín lè máa dúdú.

Láti 2005 títí di ìsinsìnyí, tí a bá da èlé, owó báńkì, owó agbẹjọ́rò àti èrè tí ẹ pín pọ̀ mọ́ra, ó ti ju £1 bílíọ̀nù lọ tó ti jáde kúrò nínú kíláàbù. Ojú owó ń kọ́? Ní 2025, ìwé ìṣirò yín fúnra yín ṣì ń kọ 650 mílíọ̀nù dọ́là. Ọmọ ti kọ ebè fún ohun tó lé ní ogún ọdún, irùngbọ̀n ti hù ú, ojú owó ò yẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2012 tí ẹ gbé ìpín kíláàbù lọ sí ọjà ìpín ìdókòwò New York ní dọ́là 14 ẹyọ kan, a rò pé owó náà yóò lọ tú u sílẹ̀. Bí ìdajì ló lọ síbẹ̀, ìdajì tó kù wọ àpò yín. Ìpín tí ẹ tà fún aráyé ní ìbò kan, èyí tí ẹ fi pamọ́ fún ara yín ní ìbò mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọgbọ́n ni. N kò sọ pé ẹ ò gbọ́n rí.

Àwọn ọmọ ìlú Manchester kò dákẹ́ fún yín. Nígbà tí ẹ̀yin ọmọ kọ́kọ́ wá wo Old Trafford ní oṣù Kẹfà 2005, mọ́tò ọlọ́pàá ló gbé yín jáde nítorí èrò tó dí ojú ọ̀nà. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn kan bínú kúrò pátápátá, wọ́n lọ dá FC United of Manchester sílẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìbò kan, bó lówó, bí kò lówó. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, lórí pápá tí wọ́n ń bá ẹlẹ́gbẹ́ mìíràn pín. Ní 2015 wọ́n ṣí pápá tiwọn. Mo máa ń ronú nípa wọn. Ẹni tó jáde kúrò nílé bàbá rẹ̀ nítorí àlejò tó gba ilé, tó lọ kọ́ abà síwájú díẹ̀, tó sì ń gbọ́ ìlù ilé bàbá rẹ̀ lálaalẹ́, oorun báwo ló ń sùn?

Ní 2010 ni ìbòrùn aláwọ̀ ewé àti wúrà dé. Àwọ̀ Newton Heath ni, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ reluwé wọ̀ nígbà tí wọ́n dá kíláàbù náà sílẹ̀ ní 1878. Àwọn ènìyàn yọ pupa kúrò lọ́rùn, wọ́n fi ewé àti wúrà dípò, kí ẹ lè rí i láti orí àga yín pé kíláàbù yìí ti wà kí ẹ tó dé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún náà, David Beckham, tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa tẹ́lẹ̀, bá Milan wá sí Old Trafford, a na Milan ní góòlù mẹ́rin sí òdo. Bí ó ti ń rìn jáde, ìbòrùn kan wà nílẹ̀ tí wọ́n jù sí i. Ó mú un, ó fi kọ́rùn. Ó ní ti òun kọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni kíláàbù, ṣùgbọ́n a ti rí i.

Mo ra tèmi ní Dùgbẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi rò pé ìbòrùn ẹgbẹ́ òṣèlú ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ Àìkú kan fún yín, ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 2021. Man U àti Liverpool ni, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Fíúìn sẹ́ńtà wa kún dẹ́nu. Ẹni tó ni ín ti gba ₦100 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, jẹ́nẹ́rétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri, àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì. Nítorí kòrónà, kò yẹ kí èrò kankan wà ní Old Trafford. Ohun tí a rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni ènìyàn láàárín pápá: ewé àti wúrà, èéfín, ẹnì kan so mọ́ òpó góòlù bí ọmọ tó ń gun igi máńgòrò. Àwọn mìíràn ti dí ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ kọjá. Aago márùn-ún kọjá. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ò lè wáyé mọ́.

Àwọn ọmọ Chelsea tó wá fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Baba kan tó jẹ́ ti Liverpool dìde, ó ní kí wọ́n dá owó òun padà. Onífíúìn ní ta ló fẹ́ dá epo tó ti jó padà fún òun? Ariwo sọ. Ó wá na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Ẹ lọ gba owó yín lọ́wọ́ Glazer!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe ọmọ Man U. Èmi àti bí ènìyàn mẹ́fà kan ń pàtẹ́wọ́. A sanwó wo bọ́ọ̀lù tí kò wáyé, inú wa sì dùn ju ti ọ̀pọ̀ ọjọ́ tó wáyé lọ. Nígbà tí wọ́n padà gbá a ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù náà, Liverpool nà wá 4-2. A gba ìyẹn náà.

Mo mọ ohun tí ọmọ Ìbàdàn mìíràn yóò sọ bó bá ka lẹ́tà yìí. Yóò ní: 3SC wà ní Adámásingbá níbẹ̀ yẹn, kíláàbù Nàìjíríà tó kọ́kọ́ gba ife Áfíríkà, ní 1976, o ò sọkún tiwọn, Manchester lo ń sọkún fún. Òótọ́ ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni 3SC, ó sì yẹ kí ẹnì kan kọ lẹ́tà síbẹ̀ náà, lẹ́tà tó gùn ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ méjì ń ṣàìsàn nílé rẹ̀ kì í sọ pé òun ò ní ra oògùn fún ọ̀kan nítorí èkejì.

Ó kù kí n dé orí ohun tó gbé mi wá gan-an, ìyẹn odì yíyàn.

Àwọn ará Manchester ń sọ pé kí a yan yín lódì, kí a fi àga sílẹ̀ lófo. Ó ṣiṣẹ́ ní Blackpool. Ìdílé Oyston ló ni kíláàbù ìlú etí òkun yẹn nígbà náà. Owó Premier League wọlé ní 2010, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ sí ilé iṣẹ́ ìdílé náà. Àwọn èrò Blackpool ní àwọn ò ní san kọ́bọ̀ kan mọ́. Wọ́n dúró síta fún ọdún mélòó kan, nínú òtútù, wọ́n ń gbọ́ fèrè rẹfirí láti inú pápá tiwọn. Ilé ẹjọ́ dá Oyston lẹ́bi ní 2017, ó ní kí wọ́n san ohun tó ju £31 mílíọ̀nù lọ fún ẹni tí wọ́n jọ ni kíláàbù. Ní oṣù Kejì 2019, ilé ẹjọ́ fi ẹlòmíràn ṣe alábòójútó. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, wọ́n padà sílé, wọ́n ju 15,000 lọ. Mo wo fídíò ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Àgbàlagbà ọkùnrin ń sunkún lórí àga tí kò jókòó lé láti ọdún pípẹ́.

Ṣùgbọ́n Old Trafford kì í ṣe Blackpool. Bí ẹnì kan bá fi àga rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, àlejò kan tó ti ń fi owó pamọ́ láti ọdún méjì wá ti ṣe tán láti jókòó síbẹ̀. N kò lè bú u. Bí wọ́n bá fún mi ní físà lọ́la, èmi náà ni àlejò yẹn. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọkàn yín fi balẹ̀ tí ẹ fi ta tíkẹ́ẹ̀tì kan ní £66 láàárín sáà 2024/25, àgbàlagbà àti ọmọdé, owó kan náà. Nínú pápá tí òrùlé rẹ̀ ń jò ni o! Ní oṣù Karùn-ún 2024 tí Arsenal wá, òjò rọ̀, omi sì ń ti orí òrùlé já lu àga bí odò tó ń já láti orí àpáta. Jim Ratcliffe, ọlọ́rọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ta ìpín fún ní 2024, ẹ ní kó máa bójú tó bọ́ọ̀lù. Ẹni tó dé láti tún ilé ṣe wo yíká, ó rí òṣìṣẹ́ bíi 250 tí yóò lé, ó tún rí oúnjẹ ọ̀sán tí yóò gbà lẹ́nu àwọn tó kù. Gbèsè ni kò rí.

Èmi tí mo wà ní Ìbàdàn ń kọ́, àga wo ni mo fẹ́ fi sílẹ̀? Ní ti jẹ́sì, èyí tí wọ́n rán ní Aba la ń wọ̀, nítorí náà a ti yan ìyẹn lódì láti ìbẹ̀rẹ̀ láìmọ̀. Owó fíúìn ni mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Mo fún onífíúìn, onífíúìn san ti DStv, DStv san ti Premier League, Premier League pín in, díẹ̀ nínú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ sì fi san èlé. Èmi náà wà lóko olówó, mo ń kọ ebè, láti orí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí ẹ ń lọ sí ọjà New York, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọlẹ́yìn Man U jẹ́ 659 mílíọ̀nù káàkiri ayé, 173 mílíọ̀nù nínú wọn ní Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn. Lẹ́yìn náà ẹ ní a ti di 1.1 bílíọ̀nù. Ta ló kà wá? Ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn wa. Ṣùgbọ́n ó yé mi. Nígbà tí Odion Ighalo, ọmọ tó dàgbà ní Ajégúnlẹ̀, wọ jẹ́sì Man U ní 2020, àwọn tí kò wo bọ́ọ̀lù rí ní àdúgbò wa ń béèrè aago tí a ó gbá a. Èyí lẹ ń gbé lọ fún àwọn onípolówó: àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní ibòmíràn í lọ. Ìfẹ́ wa ni ẹ fi dúró lọ́dọ̀ olówó.

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, yan bàbá àgbà lódì fún oṣù méjì nígbà kan. Bàbá àgbà ta ewúrẹ́ wọn láìsọ fún wọn. Láàárín oṣù méjì yẹn, oúnjẹ kò yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àmàlà gbóná, gbẹ̀gìrì wà, omi ìfọwọ́ wà. Ẹ kú àárọ̀ ni kò sí. Bí ọ̀rọ̀ bá wà, èmi ni wọ́n ń rán: "Sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀." Bàbá àgbà wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí wa, wọ́n gbọ́. Èmi á tún un sọ. Wọ́n jẹun yó fún oṣù méjì, síbẹ̀ wọ́n rù.

Odì tí mo yàn yín nìyẹn. N ó máa wo Man U, n kò lè purọ́. Kódà sáà 2024/25 tí a parí sí ipò kẹẹ̀ẹ́dógún, tí Tottenham tún gba ife mọ́ wa lọ́wọ́ ní Bilbao, mo wò ó tán. Ṣùgbọ́n mo ti yọ áàpù kíláàbù kúrò lórí fóònù mi, n kò tẹ̀lé yín lórí Facebook mọ́, ọjà onípolówó yín kankan kò ní wọlé mi. Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ iye wa síwèé fún àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ yín, ẹ yọ ẹnì kan kúrò ní Ìbàdàn. Mo ti bá àwọn mẹ́fà tí a jọ pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn sọ̀rọ̀. Márùn-ún gbà. Ìkẹfà ní òun ṣì ń ronú, nítorí ó ń fi áàpù yẹn gbọ́ ìròyìn ẹni tó fara pa.

N kò ní kí ẹ fi kíláàbù ta wá lọ́rẹ. Ẹ tà á, ẹ jèrè, kí ọmọ ọmọ yín náà jẹ nínú rẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó lọ, ẹ gbé ojú owó yẹn kalẹ̀, kí ọmọ kúrò lóko.

Ẹ ó béèrè bí ti bàbá àgbà ṣe parí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kò tíì mọ́ dáadáa, a gbọ́ tí nǹkan ń ké lẹ́nu ọ̀nà ìyá àgbà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ewúrẹ́ ni, abo, wọ́n so ó mọ́ òpó. Bàbá àgbà kò sí nítòsí, wọ́n ti lọ sóko. Nígbà tí wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́, ìyá àgbà gbé omi fún wọn, wọ́n ní, "Ẹ kú oko o."

Èmi ni,
Ọmọ Man U kan, láti Ìbàdàn